Ìwé Fún Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Ṣiṣẹ́: Bí Ilé Ìkàwé Ọ̀fẹ́ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Manchester

Ọmọ bíríkìlà ni Edward Edwards, iṣẹ́ bíríkìlà lòun náà sì kọ́ kó tó ríṣẹ́ sí British Museum ní London. Lọ́dún 1849, ó lọ ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin tí William Ewart jẹ́ alága rẹ̀ pé àwọn ìlú Yúróòpù mìíràn ní ilé ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, pé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó nǹkan.

Òfin tó gba ìlú láàyè láti dá ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ jáde lọ́dún 1850, tipátipá ni. Aṣòfin Sibthorp ní òun ò fẹ́ràn ìwé kíkà rárá, pé láti Oxford lòun ti kórìíra rẹ̀. Ìdajì kọ́bọ̀ (pẹ́nì) lórí pọ́n-ùn kan ni ìlú lè bù nínú owó orí ilé, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ra ìwé. Ẹ gbọ́ ná: ilé ìkàwé tí kò gbọdọ̀ ra ìwé! Wọ́n lè fi kọ́lé, kí wọ́n fi sanwó òṣìṣẹ́. Ìwé, ẹ lọ tọrọ ẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Manchester nìyí: wọn ò fi í sílẹ̀ fún olówó nìkan. Àwọn òṣìṣẹ́ náà dáwó nínú owó iṣẹ́ wọn. Hall of Science ní Campfield, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Robert Owen, ẹni tó ń jà fún ire òṣìṣẹ́, ti kọ́ kí òṣìṣẹ́ lè ríbi gbẹ̀kọ́, ni wọ́n sọ di ilé ìkàwé. Nígbà tí àwọn tó ń sanwó orí ilé dìbò, 3,962 fọwọ́ sí i, 40 péré ló kọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù September 1852 ni wọ́n ṣí i. Òǹkọ̀wé Charles Dickens wà níbẹ̀, Edwards sì ni olùtọ́jú àkọ́kọ́.

Ọdún 1855 ni òfin tuntun sọ ìdajì kọ́bọ̀ yẹn di kọ́bọ̀ kan, tó sì gbà kí wọ́n ra ìwé àti ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn ló fa èrò: ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á wá wo ibi tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìkàwé kan ń fi yíǹkì pa ìròyìn eré ẹṣin rẹ́ kí òṣìṣẹ́ má baà ta tẹ́tẹ́. Àfojúdi gbáà ni mo ka ìyẹn sí.

Ẹ̀yìn káńtà ni ìwé fúnra rẹ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, pátákó nọ́ńbà ló wà níwájú: búlúù, ìwé wà nílẹ̀, pupa, wọ́n ti yá a. Wàá wá nọ́ńbà, wàá wò ó lórí pátákó, wàá wá ní kí akọ̀wé bá ọ gbé e. Ẹni tí kò mọ orúkọ ìwé tó ń wá ti há. Ọdún 1894 ni James Duff Brown, olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Clerkenwell ní London, jẹ́ kí àwọn tó ń yáwèé wọ àárín pẹpẹ ìwé, kí wọ́n ṣí ìwé wò kí wọ́n tó yàn án. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó, wọ́n ní àwọn èèyàn á jí ìwé kó.