Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré nípa Lẹ́ńtì ní Àgbádárìgì

Lẹ́ńtì, àkókò ààwẹ̀ tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, kì í ní ọjọ́ kan pàtó lórí kàlẹ́ńdà. Ọdún Àjíǹde ló ń fà á síwá sẹ́yìn, òṣùpá ló sì ń pinnu Àjíǹde: Ọjọ́ Àìkú tó bá kọ́kọ́ tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú tó bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni. Nítorí náà, Ọjọ́rú Eérú tí Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀ lè tètè dé ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ó sì lè pẹ́ di ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Táàmù kejì ló sábà máa ń bá nílé ìwé. Olùkọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kristẹni ní láti wo èyí kó tó ṣètò iṣẹ́ táàmù náà. Bí Àjíǹde bá pẹ́, bíi ti 2025 tó bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, ilé ìwé lè ti gba ìsinmi kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọ̀sẹ̀ tó kángun sí Àjíǹde, tó wọlé, ìtàn àgbélébùú sì gbọ́dọ̀ ti wáyé kí àwọn ọmọ tó lọ sílé.

Ohun tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ni kíkà. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ogójì ọjọ́ ni Lẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá to ìdérí ìgò sílẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti Ọjọ́rú Eérú títí dé Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde, 46 ni wọn yóò bá. Kí olùkọ́ má ṣe sáré dá wọn lóhùn. Kí ó jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú ìdérí Ọjọ́ Àìkú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò, torí pé gbogbo Ọjọ́ Àìkú ni àwọn Kristẹni fi ń rántí pé Jésù jíǹde, ọjọ́ ayọ̀ kì í sì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀. Mẹ́rin ló kù nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́fà mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀lé e. Ogójì pé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ogójì? Ọjọ́ tí Jésù fi gbààwẹ̀ ní aginjù ni, bí Mátíù orí 4 ṣe sọ ọ́. Iṣẹ́ pọ̀ níbí fún olùkọ́ ní Àgbádárìgì, nítorí ọmọ tí wọ́n bí sáàárín ọ̀sà àti òkun kò rí ibi tí kò lómi rí. Bí wọ́n bá ní kó ya aginjù, igbó dúdú ni yóò yà, pẹ̀lú ọ̀bọ lórí igi. Aginjù Jùdíà kì í ṣe igbó. Àpáta ni, òkúta àti erùpẹ̀ gbígbẹ, oòrùn ń mú ganrínganrín lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ní iyanrìn, ìyẹn sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ kó wọn dúró lórí iyanrìn, kí ó ní kí wọ́n dijú: ẹ mú igi àgbọn kúrò. Ẹ mú ọ̀sà kúrò. Ẹ mú òkun kúrò. Ẹ mú ìyá tó ń ta omi tútù kúrò. Kí ló kù? Ìgbà yẹn ni ọmọ yóò mọ ìdí tí òkúta fi lè jọ búrẹ́dì lójú ẹni tí ebi ń pa. Nínú ìdánwò mẹ́ta tí èṣù gbé wá, ti búrẹ́dì yìí, pé kí Jésù sọ òkúta di búrẹ́dì, tó fún ọmọ kékeré. Kò sì sídìí láti fi èṣù dẹ́rù bà wọ́n. Inú bí Jésù ṣe dáhùn ni ẹ̀kọ́ wà.

Eérú tí wọ́n ń fi sí iwájú orí ní Ọjọ́rú Eérú rọrùn láti ṣàlàyé, nítorí ọmọ mọ imọ̀ ọ̀pẹ. Èyí tí wọ́n gbé ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ lọ́dún tó kọjá, tó ti gbẹ, ni wọ́n ń sun di eérú. Àlùfáà lè sọ fún ẹni tó ń gba eérú náà pé erùpẹ̀ ni, yóò sì padà di erùpẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú ìyá àgbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n tún ń lò, pé kí ènìyàn ronú pìwà dà kó sì gba ìyìn rere gbọ́, dára jù fún kíláàsì. Fífi eérú sí iwájú orí kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ìsìn, abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sì sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí.

Ti ààwẹ̀ gan-an ló gba ìṣọ́ra jù. Òfin ìjọ Kátólíìkì fúnra rẹ̀ kò fi ààwẹ̀ di dandan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, àìjẹran sì di ọdún 14. Kò yẹ kí olùkọ́ ní kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má jẹun. Àwọn ọmọ kan ń bọ̀ nílé ìwé láìtíì fẹnu kan nǹkan kan, kì í sì í ṣe Lẹ́ńtì ló fà á. Ohun tí ọmọ lágbára lé lórí ni kó fi sílẹ̀: èébú, ìjà, àwòrán tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ilé ìwé, súìtì tí ì bá rà. Owó súìtì náà lè wọ kóló kíláàsì, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ẹni tí wọ́n fi ràn lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lè pọnmi fún ìyá arúgbó. Kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ ọmọ àti ohun tó fi sílẹ̀ sára ògiri: Mátíù orí 6 ní kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bọ́jú, kó sì fi òróró kun orí, kí ènìyàn má baà mọ̀.

Ní ìlú yìí, kíláàsì kan kì í jẹ́ ti ìjọ kan. Ní 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì, Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì àti Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, gúnlẹ̀ síbí, àwọn ìdílé kan sì ń pa Lẹ́ńtì mọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́stì kì í pa á mọ́. Nítorí náà, “àwọn Kristẹni kan” ni olùkọ́ yóò máa wí, kí ọmọ má baà rò pé ìjọ ìyá òun ń ṣe àṣìṣe. Ní 2025, ààwẹ̀ Rámádàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ 5. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ dára fún ìbéèrè: àwọn ọmọ Mùsùlùmí nínú àdúgbò lè ṣàlàyé sààrì àti ìṣínu fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn, kí àwọn náà sì gbọ́ ti ogójì ọjọ́.

Bí ìsinmi bá gba Àjíǹde mọ́ kíláàsì lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ náà kò tíì pẹ́. Àádọ́ta ọjọ́ ni àkókò Àjíǹde fi ń lọ títí dé Pẹ́ńtíkọ́stì. Bí táàmù kẹta bá wọlé nígbà náà, olùkọ́ lè bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì kó ìdérí Ọjọ́ Àìkú mẹ́fà tí wọ́n mú kúrò jáde.