Balùwẹ̀ Kọ́ Ló Nà Án

Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Ílọrin, iye obìnrin tí balùwẹ̀ ti nà, n ò lè kà á mọ́. Obìnrin á wọlé, ojú á ti wú dí, mo bá ní kí ló ṣe yín mà, á ní òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọkọ dúró tì í, fóònù ìyàwó lọ́wọ́ ẹ̀. Kí n ká apá aṣọ sókè báyìí, àtàǹpàkò kan níwájú, ìka mẹ́rin lẹ́yìn. Balùwẹ̀ wo ló níka?

Ṣẹ́ẹ rí i, ohun tó bá sọ lọ́jọ́ yẹn ló máa wọnú fáìlì. Tọ́rọ̀ bá dé kóòtù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lọ́yà ọkọ á ní ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún dókítà pé o ṣubú ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rán ọkọ lọ sanwó káàdì, kí n ráyè bi obìnrin náà léèrè lóun nìkan. Ẹ̀yin tọ́kọ ń lù, ẹ ya fọ́tò ojú ọgbẹ́ náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ wá pa á rẹ́ lórí fóònù tiyín.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Ẹlòmíì á débẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, lọ bá àwọn àgbà ilé. Ó níbi tí wọ́n ti rí i o, torí Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò lókè Ọya títí dé Kwara wa níbí, abala 55 ẹ̀ ní ọkọ lè bá ìyàwó wí táṣà wọn bá gbà á, tí ò bá ṣáà ti ṣe é léṣe gidi. Ṣùgbọ́n VAPP, òfin tó lòdì sí ìwà ipá séèyàn, tíjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3 wà fẹ́ni tó bá lu ìyàwó ẹ̀, tàbí owó ìtanràn, Kwara náà sì ti ní VAPP tiẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wọn.

Àwọn àgbà ilé yẹn náà, ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa sọ. Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú eyín tó kán? Ẹni tó wá ń bọ̀ láti Òmù-Àrán ńkọ́, ọmọ méjì lọ́wọ́, tó jẹ́ ọkọ ló ń gba owó ọjà ẹ̀, owó mọ́tò gan-an wàhálà ni.

Ọ̀kan padà wá bá mi lọ́jọ́ kẹrin, òun nìkan. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa balùwẹ̀ yẹn rẹ́." Mo ní a kì í pa nǹkan rẹ́ nínú fáìlì. Mo pe dókítà, ó kọ òótọ́ sábẹ́ ẹ̀, ó fi déètì sí i, ó buwọ́ lù ú.