Ìtàn-àròsọ mérìíyìírí apanilẹ́rìn-ín

Ìtàn-àròsọ mérìíyìírí apanilẹ́rìn-ín ni irú ìtàn-àròsọ tí ẹnì kan ti ń dágbére fún ará ilé, tí á kọrí sí igbó tàbí ìlú àwọn ẹbọra, iwin àti ẹranko tó ń fọhùn, tí òǹkàwé á sì máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bá a lọ. Ohun mẹ́ta ló pàdé nínú rẹ̀: ìrìn-àjò, abàmì, àti ẹ̀fẹ̀ tó ń bẹnu àtẹ́ lu ìwà ọmọ aráyé. Bí a bá yọ ẹ̀fẹ̀ kúrò, ìtàn ẹ̀rù lásán ló kù. Bí a bá yọ abàmì kúrò, ó lè di ọ̀rọ̀ tí wọ́n á tìtorí rẹ̀ pe òǹkọ̀wé lẹ́jọ́. Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú irú ìtàn yìí nílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ìlú tí wọ́n ti bí òǹkọ̀wé rẹ̀ tó lókìkí jù kò jìnnà sí Ifẹ̀, àti nítorí yunifásítì tó wà níbẹ̀.

Èèyàn nínú ìko

Ọmọ Ifẹ̀ kì í pẹ́ gbọ́ ìtàn Mọremí. Àwọn Ìgbò ìgbà náà, tí kì í ṣe ẹ̀yà Íbò òde òní, máa ń wọ ìko láti orí dé ẹsẹ̀ wá kógun ja ìlú, àwọn ará Ifẹ̀ sì gbà pé ará ọ̀run ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ ni oníkálukú ń fi í bẹ. Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú lọ, ó di ìyàwó ọba wọn, ibẹ̀ ló ti rí i pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nínú ìko náà, àti pé iná ni ẹ̀rù wọn. Nígbà tó sá padà dé, ògùṣọ̀ ni àwọn ará Ifẹ̀ fi pàdé wọn. Ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹ̀rín, nítorí ọmọ rẹ̀, Olúorogbo, ló fi san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ọdọọdún ni wọ́n ń rántí rẹ̀ nígbà ọdún Ẹdì, ère rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2016 sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42.

Síbẹ̀, ohun tí Mọremí rí lọ́hùn-ún gan-an ni ìtàn mérìíyìírí apanilẹ́rìn-ín ń fi han òǹkàwé. Ó kọ́kọ́ wọ ìko fún ohun tó fẹ́ sọ, kí ó lè bani lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ló wá ń ṣí ìko náà díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi rí i pé onímọ̀-tara-ẹni, agbéraga tàbí olójúkòkòrò tí a mọ̀ ládùúgbò ló wà níbẹ̀.

Ṣáájú ìwé

Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìtàn-àròsọ jáde ní èdè Yorùbá ni eégún alárìnjó ti ń pa ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀. Ní 1826, wọ́n ṣeré fún arìnrìn-àjò ọmọ Sìkọ́tíláǹdì kan, Hugh Clapperton, lójú Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Òjòlá ńlá kan jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “òyìnbó” dé: ó funfun báláú, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń wo ojú àlejò náà bóyá ó gbádùn rẹ̀. Òjòlá nìkan ì bá ti tó láti fi dá wọn lára yá, ṣùgbọ́n òyìnbó tó tẹ̀lé e ló sọ eré náà di ẹ̀fẹ̀ tó ń bẹnu àtẹ́ luni.

Ní ìhà Kétu, olórin Ẹ̀fẹ̀ inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àṣẹ láti kọrin mọ́ ẹni tó bá wù ú lóru. Nínú àlọ́, Ìjàpá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fágúnwà àti Òkè-Igbó

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni wọ́n bí ní 1903 ní Òkè-Igbó, lọ́nà Ilé-Ifẹ̀ sí Oǹdó. Dẹ́rìn Ọlọ́gbẹ́ńlá, jagunjagun ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n yàn ní Ọọ̀ni ṣùgbọ́n tí kò fi Òkè-Igbó sílẹ̀, ló tẹ ìlú náà dó. Igbó dídí tó yí agbègbè yẹn ká ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń rí lọ́kàn bí wọ́n bá ṣí ìwé Fágúnwà. Ìtàn-àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Méjì tẹ̀lé e ní 1949, ọ̀kan ní 1954, èyí tó kẹ́yìn sì jáde ní 1961, ọdún méjì kí ó tó kú.

Àpèjúwe ni ẹ̀rín Fágúnwà ti ń wá jù. Kì í sọ pé nǹkan burú kí ó sì kọjá lọ. Á jókòó tì í. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀dá kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀gbin, tí òǹkọ̀wé sì ń ka ìdọ̀tí rẹ̀ bí ẹni ń ka gbèsè: ẹ̀yà ara kan tẹ̀lé òmíràn, tó fi jẹ́ pé ìríra tó kọ́kọ́ mú òǹkàwé á di ẹ̀rín nígbà tí kò bá rí òpin rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ Igbó Olódùmarè, iwin kan tó ń jẹ́ Èṣù-kékeré-òde dá Olówó-ayé, akọni ìtàn náà, dúró lọ́nà, ẹnu ni àwọn méjèèjì sì kọ́kọ́ fi jà kí wọ́n tó gbá ara wọn mú. Ẹni tó bá ti dúró wo ìjà níbùdókọ̀ rí mọ ìlànà yẹn dáadáa.

Orúkọ pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́. Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ tó lọ sí Òkè Láńgbòdó, kì í rìn láìsí oríkì “Oníkùmọ̀-ẹkùn” lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, a ti mọ ohun tí onítọ̀hún máa fi yanjú ọ̀rọ̀.

Tutùọlá àti ìwé ìṣirò

Amos Tutùọlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1920, gba ọ̀nà mìíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ọ́fíìsì yẹn hàn nínú ìtàn náà. Kí akọni rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ inú igi funfun kan, wọ́n ta ikú wọn lẹ́nu ọ̀nà ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì kan (pẹ́nì mẹ́fà), wọ́n sì yá ẹnìkan ní ẹ̀rù wọn, èlé rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù padà, ṣùgbọ́n ọjà tí a bá ti tà ti lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò lè kú mọ́, àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Sísì yẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín. Ká ní ó sọ pé “owó ńlá” ni, kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà bínú sí ìwé náà nígbà yẹn, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ máa dójú ti orílẹ̀-èdè. Ìbínú náà padà di ẹ̀yẹ: ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, gba Tutùọlá gẹ́gẹ́ bí àlejò olùṣèwádìí. Yunifásítì yìí kan náà ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kọ Ṣaworoidẹ, tó di fíìmù ní 1999, níbi tí adé àti ìlù olóògùn ti di ọ̀nà láti fi bú àwọn alákòóso tó ń kó owó ìlú jẹ.

Ohun tó ń fa òǹkàwé

Òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ iwin bí ẹni ń jẹ́rìí ní kóòtù, òǹkàwé ló ń fi ẹ̀rín san án. Àwọn iwin náà kì í sì ṣe ọ̀lẹ: wọ́n ní ọba, wọ́n ní ọjà, wọ́n ń ṣe ìpàdé tí kì í parí. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ Èjìgbòmẹkùn, ọjà Ifẹ̀ àtijọ́ tó wà nínú ẹsẹ Ifá. Nítorí pé ìlú iwin ni wọ́n ń sọ, kò sí ẹni tó máa jáde wá sọ pé òun ni wọ́n ń bú. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Ìró ọ̀rọ̀ tún kó ipa tí kíkà sínú kò lè gbé jáde. Ọmọ ilé ìwé tó bá ń ka Fágúnwà sókè ní kíláàsì Yorùbá á bọ́ sórí gbólóhùn kan tó gùn bí okùn àgbò, èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀ kó tó dé òpin, ibẹ̀ ni kíláàsì á sì ti bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ibi tí òǹkọ̀wé ti ń wàásù, Fágúnwà kò sì fi ìwàásù ṣeré, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fò kọjá.

Àwọn ìlú mìíràn ní tiwọn. Ìwé ìrìn-àjò Gulliver tí Jonathan Swift gbé jáde ní 1726 sọ nípa àwọn èèyàn bíńtín tó ń bá ara wọn jagun nítorí ibi tó yẹ kí a ti fọ́ ẹyin. Láti 1983 ni Terry Pratchett, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé 41 nípa ayé kan tó rí pẹrẹsẹ bí àwo, tí erin mẹ́rin gbé, tí àwọn erin náà sì dúró lórí alábahun. Òǹkàwé Yorùbá á kọ́kọ́ bèèrè iye tí alábahun yẹn ń gbà.

Ìtumọ̀

Wọlé Ṣóyínká, tó padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀, túmọ̀ ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ tó tó fún àwọn ará inú igbó náà, ló bá dá ọ̀rọ̀ tuntun bíi “ghommid” sílẹ̀. Ìṣòro tó le jù ni ti ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń yàwòrán. Nínú Igbó Olódùmarè, bàbá ọlọ́gbọ́n kan ń jẹ́ Baba-onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti rí irùngbọ̀n náà bó ṣe ń mì kí àlàyé kankan tó dé. Ẹni tó ń túmọ̀ ní láti yàn bóyá kí òun fi yẹ́úkẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí òun fi odidi gbólóhùn kan ṣe àpèjúwe irùngbọ̀n.