Omi aláìníyọ̀ fún fífọ fèrèsé: rírà tàbí ṣíṣe é fúnra ẹni

Omi aláìníyọ̀ ni omi tí a ti yọ àwọn ohun tó yòrò sínú rẹ̀ kúrò, títí yóò fi ku omi nìkan. Àwọn tó ń fi fèrèsé fífọ ṣiṣẹ́ ṣe ń lò ó fún gíláàsì ilé gíga, nítorí pé bí ó bá gbẹ, kì í fi àmì sílẹ̀, kò sì sí ìdí láti fi aṣọ nù ún. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà rí i: kí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, tàbí kí wọ́n ra ohun èlò kí wọ́n máa ṣe é nílé ara wọn. Ní Ìkòròdú, tó wà ní apá àríwá ọ̀sà Èkó, ohun méjì ló ń pinnu èyí tó sàn jù: irú omi tó ń jáde nínú kànga oníkálukú, àti iye gíláàsì tó ní láti fọ.

Iyọ̀ tí à ń sọ níbí kọjá iyọ̀ ọbẹ̀. Kálísíọ́mù, magnésíọ́mù, sódíọ́mù, sílíkà, irin, àti irú wọn mìíràn tí omi ń tú mọ́ra bó ṣe ń gba inú yanrìn àti òkúta kọjá lábẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí omi lásán fi ń fi àmì sílẹ̀

Ẹni tó bá ti fọ mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán, tí kò sì tètè nù ún, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Omi á gbẹ, ibi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan dúró sí á wá yọ roboto bí ojú ẹyọ owó, etí rẹ̀ á sì funfun ju àárín lọ. Ìdọ̀tí kọ́ ló wà níbẹ̀. Omi ló fò lọ sínú afẹ́fẹ́, tí iyọ̀ kò lè bá a fò, tó wá jókòó sójú gíláàsì. Bí a bá tún da omi kan náà sí i, àmì tuntun la kàn fi lé ti àtẹ̀yìnwá.

Nínú ilé, ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí aṣọ gbígbẹ la fi ń nu omi náà kó tó gbẹ, ìyẹn sì ti tó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta yàtọ̀. Ẹni tó dúró nílẹ̀ ló ń na ọ̀pá gígùn sókè. Búrọ́ọ̀ṣì wà lórí ọ̀pá náà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba inú rẹ̀ gbé omi lọ síbi tí ihò kéékèèké ti ń tú u sára gíláàsì. Búrọ́ọ̀ṣì á ha ìdọ̀tí, omi á ṣàn án wálẹ̀, iṣẹ́ parí. Kò sẹ́ni tí yóò gun àkàbà lọ nù ún, ìyẹn gan-an sì ni àǹfààní rẹ̀. Àmọ́ bí iyọ̀ bá wà nínú omi ọ̀hún, gbogbo làálàá náà á di asán kí oòrùn tó wọ̀. Ó tún yẹ ká mọ̀ pé púpọ̀ nínú ọ̀pá wọ̀nyí ni wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe, kábọ́ọ̀nù sì ń gbé iná mànàmáná. Ní àdúgbò tí wáyà NẸ́PÀ ti rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbójú sókè kó tó na ọ̀pá.

Iye iyọ̀ inú omi ni wọ́n ń fi ppm kà, tí í ṣe mílígíráàmù 1 nínú líta omi 1. Mítà kékeré kan wà tó rí bíi gègé ìkọ̀wé; a ó ki ẹnu rẹ̀ bọ omi, yóò sì fi iye náà hàn. Ohun tó ń wọ̀n ní ti gidi ni bí iná mànàmáná ṣe ń rọrùn gba inú omi náà kọjá, nítorí pé bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe ń rí ọ̀nà gbà. Omi tí kò bá tó 10 ppm kì í fi àmì tó hàn sílẹ̀. Òdo ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń lépa.

Píọ̀ wọ́tà kọ́ ni omi yìí

Orúkọ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Omi inú ọ̀rá tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà ni wọ́n sẹ́ tí wọ́n sì pa kòkòrò inú rẹ̀ kí ó lè ṣeé mu. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀ jẹ mọ́ mímu, kò jẹ mọ́ gíláàsì. Ìlànà omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 gbà kí ohun tó yòrò sínú omi tó 500 mílígíráàmù nínú líta 1. Nítorí náà, píọ̀ wọ́tà lè dára délẹ̀délẹ̀ fún ọ̀fun, kó sì ba gíláàsì jẹ́. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bákan náà ni àwọn ọgbọ́n tí a mọ̀ nílé kò ràn án. Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi tó dà bí ẹrẹ̀ sílẹ̀ kó mọ́ lóló, ṣùgbọ́n ohun tó léfòó nínú omi ló ń fà wálẹ̀, kì í ṣe ohun tó ti yòrò. Aṣọ funfun tí a fi sẹ́ omi kò lè dá iyọ̀ dúró. Omi tí a sè tún le jù: ooru á gbé omi lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, iye rẹ̀ nínú líta kan á sì pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń mú kí omi máa hó dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ náà ò ṣe é, nítorí pé kálísíọ́mù ló ń gbà tó sì ń fi sódíọ́mù dípò. Mítà kò ní sọ̀kalẹ̀.

Omi tó wà ní Ìkòròdú

Ọ̀pọ̀ ilé níhìn-ín ló gbára lé kànga tàbí bohóòlù, irin sì ni ohun tó máa ń fa wàhálà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè etíkun. Bu omi irú kànga bẹ́ẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun ní kùtùkùtù òwúrọ̀: ó mọ́ lóló, èèyàn lè rí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ á ti ní awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń dán bí epo, ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì á sì ti pọ́n rúsúrúsú, bí ìgbà tí ìṣó dípẹtà síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló bá irin inú omi pàdé tó sọ ọ́ di ìpẹtà. Irin yìí ń dí ohun èlò ìsẹ́mi ní kíákíá, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi náà fẹ́ sí atẹ́gùn, kó sì gba inú yanrìn kọjá, kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú.

Ìṣòro kejì ni iyọ̀ òkun. Bí kànga bá ṣe sún mọ́ ọ̀sà tó, tí a sì ń fa omi rẹ̀ ní àfàjù, ni omi oníyọ̀ ṣe lè wọ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ẹ̀pẹ́ náà, ó sì kan Àgbádárìgì jù, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn òkun ti ń gbé iyọ̀ wá sójú fèrèsé tààrà, tó fi jẹ́ pé gíláàsì á dọ̀tí padà kíákíá. Kànga aládùúgbò méjì lè yàtọ̀ síra gan-an bí jíjìn wọn kò bá dọ́gba. Ẹni tí kò tíì ki mítà bọ omi ilé tirẹ̀ kò tíì ní ohun tí yóò fi ṣírò.

Omi òjò tún wà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà kún. Èyí tó bọ́ tààrà láti ojú ọ̀run kì í sábà ní iyọ̀ púpọ̀, ìdá díẹ̀ ló ní nínú ohun tó wà nínú omi kànga. Ẹ má gbé àgbá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà àkọ́rọ̀ òjò o, nítorí pé òjò yẹn ló ń fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Bí páànù bá ti mọ́, láti oṣù karùn-ún títí di oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi tí à bá fi owó wá ń ṣàn lọ sínú gọ́tà lọ́fẹ̀ẹ́.

Rírà á

Ibi tí omi aláìníyọ̀ ti sún mọ́ aráàlú jù ni ọ̀dọ̀ àwọn rìwáyà àti àwọn tó ń ta nǹkan mọ́tò: omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike ni. Iyọ̀ ń ba bátìrì jẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ba ojú gíláàsì jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀ kedere pé omi lòun fẹ́, kì í ṣe ásíìdì, torí pé àwọn kan ń fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, ásíìdì bátìrì sì ń jó ara àti ojú. Ike kékeré wúlò fún dígí ara ògiri tàbí fèrèsé kan. Fún odidi ilé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ la ti ń rà á ní kẹ́ẹ̀gì 25 líta tàbí ní tánkì.

Ní ìlú Ọba, ibi ìrọmi wà tí afọfèrèsé ti lè wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ bu omi yìí, tó ń sanwó líta-líta, bí ìgbà tí èèyàn ń ra epo ní fíláǹsọ́ọ̀n. Níhìn-ín, ẹrù ni omi náà. Líta 1 jẹ́ kílógíráàmù 1. Kẹ́ẹ̀gì 25 mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ jẹ́ kílógíráàmù 200, kí á tó ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Owó epo mọ́tò àti àkókò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa gbà lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Máìlì Twelve wà lára iye tí omi náà jẹ́, bí ẹni tó tà á kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Kẹ́ẹ̀gì ló sì sábà ń ba rírà jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti gbé òróró rí, òmíràn ti gbé omi kànga fún ọdún méjì. Omi tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní 0 lè di 30 kó tó dé ilé, kò sì sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀ ju pé kẹ́ẹ̀gì náà ò mọ́. Olùrà tó mọ iṣẹ́ á ki mítà bọ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan kó tó sanwó.

Ṣíṣe é fúnra ẹni

Ohun èlò méjì ni wọ́n ń lò jù. Èkínní ni résìn, àwọn hóró wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja tí wọ́n dì sínú àgbá tóóró kan. Bí omi ṣe ń gba àárín wọn kọjá, hóró kan ń já iyọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fi ohun tó jẹ́ omi rọ́pò rẹ̀. Kò nílò iná, kò ń ṣòfò omi, ó sì lè mú omi dé 0. Àmọ́ ó ń rẹ̀ ẹ́. Bí iyọ̀ inú omi bá ṣe pọ̀ tó ni résìn ṣe ń tètè tán: àpò tó bá lè fọ 6,000 líta omi oní-100 ppm kò ní lè fọ ju nǹkan bí 2,000 lọ nínú omi oní-300. Owó résìn nìyẹn di ìlọ́po mẹ́ta fún líta kan náà, láì sí pé ọjà wọ́n sí i.

Èkejì ni reverse osmosis. Pọ́ǹpù ló ń fi agbára ti omi gba inú awọ kan tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń kọjá, tí iyọ̀ púpọ̀ kò lè kọjá. Awọ tó dára ń dá bí ìdá 95 nínú 100 dúró, tó fi jẹ́ pé omi oní-300 á jáde ní 15. Ìyẹn kò tíì tó fún gíláàsì, nítorí náà résìn ló máa ń gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n résìn tó ń bá 15 jà dípò 300 á pẹ́ ní ìlọ́po ogún. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ iná, ó sì ń da omi nù, líta 1 sí 3 fún líta 1 tó dára. Omi tó dànù yìí ṣeé fi ṣan ilé ìgbẹ̀, ó sì ṣeé fi fọ ilẹ̀. Níwájú awọ náà ni èédú ìsẹ́mi ń wà bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba la ń lò, torí kiloríìnì inú rẹ̀ ń jẹ awọ náà.

Kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì. Ilé iṣẹ́ amúnáwá tó wà ní Egbin, ní ẹ̀bá ọ̀sà lágbègbè Ìkòròdú yìí kan náà, ooru omi ló ń fi yí ẹ̀rọ rẹ̀, omi aláìníyọ̀ sì ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sè, kí iyọ̀ má baà gbá mọ́ inú páìpù.

Ìṣirò rẹ̀

Ọ̀pá olómi sábà ń mu líta 1 sí 2 ní ìṣẹ́jú kan. Ilé tó ní fèrèsé 12, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 3 pẹ̀lú líta 1.5 ní ìṣẹ́jú kan, á gba líta 54. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ti kó o já. Onílé tó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́ àti kí ọdún Kérésì tó dé, kò ní ìdí kankan láti ra ẹ̀rọ. Résìn rẹ̀ á kàn jókòó lásán ni.

Ẹni tí omi ń ṣàn lọ́pá rẹ̀ fún wákàtí 2 lójúmọ́ ńkọ́? Líta 180 nìyẹn, líta 900 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kẹ́ẹ̀gì 36 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ alábàárù nìyẹn, kì í tún ṣe ti afọfèrèsé mọ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣíṣe é fúnra ẹni ló dára jù, kódà nígbà tí owó líta méjèèjì bá dọ́gba. Bí omi kànga rẹ̀ kò bá ju 50 lọ, tàbí tó bá ní àgbá omi òjò, résìn nìkan tó o. Bí ó bá tó 200 sókè, kó fi reverse osmosis síwájú.

Ìtọ́jú

Résìn kì í pa kòkòrò, nítorí náà omi rẹ̀ kì í ṣe fún mímu. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí résìn gbẹ, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé e sínú oòrùn. Mítà ni kí wọ́n máa wò lójoojúmọ́: ó lè wà ní 0 fún oṣù púpọ̀, tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kì í pẹ́ kó tó fò. Sílíkà ló máa ń kọ́kọ́ jábọ́ nígbà tí résìn bá ń rẹ̀, mítà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí i, nítorí pé kì í gbé iná bí iyọ̀ yòókù. Nítorí èyí, afọfèrèsé lè rí àmì funfun lójú gíláàsì nígbà tí mítà rẹ̀ ṣì ń sọ pé 3 tàbí 4, résìn ni yóò sì pààrọ̀.