Iṣẹ́ mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àkókò

Mo máa ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ mi sílẹ̀ láàárọ̀, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, mi ò tíì ṣe ìdajì rẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ mọ́ ọ̀lẹ rárá. Ìṣirò yín ni kò pé. Lọ́dún 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ń fojú díwọ̀n iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, bí yóò ṣe lọ geere ló máa ń rò. Kì í bi ara rẹ̀ pé báwo ni irú rẹ̀ ṣe pẹ́ tó nígbà tó kọjá. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún nígbà ogún pàápàá kì í bọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ wo télọ̀ kan ní àdúgbò Táíwò nílùú Ìlọrin tó ní bùbá àti ṣòkòtò kò gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé ìdí ẹ̀rọ nìkan ló ń kà. Kò ka gígé aṣọ mọ́ ọn. Kò ka wíwá òwú tó bá aṣọ mu, títú ọrùn bùbá tó wọ́, dídá bọ́tìnnì sí i, àti lílọ aṣọ. Wákàtí márùn-ún a lọ, oníbàárà a ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ a ti le.

Ẹ wá ìwé pélébé kan. Fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ rò pé yóò gbà. Bí ẹ bá parí, ẹ kọ iye tó gbà gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níkẹyìn, ẹ ro ìlà méjèèjì pọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi àpapọ̀ àkọ́kọ́ pín àpapọ̀ kejì. Bí ẹ bá rò pé ìṣẹ́jú 600 ni, tó wá di 900, ọ̀kan àti ààbọ̀ ló jẹ́: ohun tí ẹ bá fẹ́ pè ní wákàtí méjì, mẹ́ta ni kí ẹ kọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á rí iye yẹn, ojú á tì wọ́n, wọ́n á sì dín in kù. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí wákàtí mẹ́jọ lẹ fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, mẹ́fà péré ni kí ẹ há iṣẹ́ sí. Méjì tó kù, ti ohun tẹ́nikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀ ni, kò sì sí ọjọ́ tí irú ẹ̀ kì í dé.

Iná ń kọ́?

Ẹ má so iṣẹ́ tó ń jẹ iná mọ́ aago. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ méjì: ohun tó nílò iná, àti ohun tí a lè ṣe lójú ọ̀sán gangan láìsí iná. Bí iná bá dé, ẹ fi gígé aṣọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbá áyọ́ọ̀nù mú. Ẹni tó ń gé aṣọ nígbà tí iná wà ló máa ń bẹ oníbàárà nígbà tí iná bá lọ.

Ọjà ìlú wa kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ó ń da ètò mi rú.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù Kwara, ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà, ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ méje, ìdí nìyẹn tí méjèèjì kì í fi í bára mu. Nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mẹ́rin lẹ óò máa fi kún un lórí kàlẹ́ńdà. Ọjà tó bá bọ́ sí Mọ́ńdè yóò bọ́ sí Fráìdè, lẹ́yìn náà Túsìdeè, Sátidé, Wẹ́sìdeè, Sọ́ńdè, Tọ́sìdeè, kó tó padà sí Mọ́ńdè lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ẹ fi báírò pupa sàmì sí gbogbo rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ óò ti rí ìpàdé èésú tó forí sọ ọjọ́ ọjà, kí ẹ sì tètè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún un. Èyí tó bá bọ́ sí Fráìdè, ẹ yọ àkókò ìrun Jímọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ óò wọ̀, ẹ ka ìdúró gáréèjì lọ́tọ̀. Ọkọ̀ Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán kì í gbéra títí yóò fi kún, bẹ́ẹ̀ wákàtí tí ọkọ̀ fi ń rìn nìkan lèèyàn máa ń rántí.

Àwọn àgbà ń yà sí mi lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ṣáà lè lé wọn.

Ẹ má lé wọn. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ bu omi fún wọn, kí ẹ tó wá sọ̀rọ̀ kan báyìí: "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Aṣọ wòlímọ̀ kan ló wà lọ́wọ́, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á ṣáájú Àyìlà. Bí a bá kírun Alásàrí tán, mò ń bọ̀ wá bá yín nílé." "Ọwọ́ mi dí" lásán dà bí ìléjáde, ṣùgbọ́n èyí ní ìdí nínú, ó sì ní àdéhùn. Ẹ kúkú lọ o. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ ò bá lọ, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìrun dára láti fi dá àkókò nílùú Ìlọrin, torí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà ń gbọ́ ládàánì. Àmọ́ oòrùn ló ń tẹ̀lé, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún. Fún báńkì tàbí ọ́fíìsì, aago ni kí ẹ lò.

Fóònù?

Ẹ pa ohùn gbogbo gúrúùpù WhatsApp, kí ẹ fi ti ìpè nìkan sílẹ̀, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lọ́dún 2009, olùwádìí kan, Sophie Leroy, fi hàn pé bí èèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ ṣì máa ń wà lára ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé wíwò tí ẹ kàn yọjú wò yẹn kì í parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí mo ti ń sún síwájú látoṣù tó kọjá.

Ẹ wo bí ẹ ṣe kọ ọ́. "Ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù" kì í ṣe iṣẹ́ kan, òkìtì iṣẹ́ ni. Ẹ kọ èyí tó kéré jù níbẹ̀: "kó gbogbo rísíìtì sínú ọ̀rá kan." Kí ẹ wá so ó mọ́ nǹkan tí ẹ kì í fò: "bí mo bá ti kí Àsùbáà tán, màá kó rísíìtì jọ." Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú 25 péré, kí ẹ sinmi fún márùn-ún, bí Francesco Cirillo, ẹni tó gbé ọgbọ́n ìlo-àkókò tí wọ́n ń pè ní Pomodoro jáde, ṣe là á kalẹ̀. Bí ẹ bá gbìyànjú báyìí lẹ́ẹ̀mẹta tí iṣẹ́ ò sì tẹ̀síwájú, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Bó bá sì jẹ́ ti oníbàárà, ẹ pè é, kí ẹ dá owó rẹ̀ padà.