Oṣù méjìlá kì í ṣe ọjọ́ 365

Pé ó yẹ kí ẹ̀dà dátà (backup) wà níbòmíràn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ojú sẹ́tìn tó ń béèrè bí a ṣe fẹ́ tọ́jú ẹ̀dà náà pẹ́ tó. Ènìyàn á tẹ "oṣooṣù, 12" síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé ọjọ́ yòówù tóun bá fẹ́ padà sí láàárín ọdún kan, òun á bá a níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ̀dà tó dàgbà jù ṣe jìnnà tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀dà kan sí èkejì kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ká mú fáìlì kan ṣoṣo. Ká ní wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 7, ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, ti oṣooṣù fún oṣù 12, kí ti oṣooṣù sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù. Ẹnì kan dá fáìlì náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ó ṣèèṣì pa á rẹ́ ní ọjọ́ 20. Ẹ̀dà ojoojúmọ́ gbé e dé nǹkan bí ọjọ́ 26. Ó pẹ́ tán, ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ gbé e dé àárín oṣù kẹrin. Ó parí nìyẹn. Ẹ̀dà ọjọ́ kìíní oṣù kẹta kò bá a, torí wọn ò tíì dá a. Ti oṣù kẹrin kò bá a, torí ó ti lọ. Bí wọ́n bá ń wá a ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀dà oṣooṣù 12 á wà nílẹ̀ pérépéré, kò sì ní sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú kàn án rí. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Láti ayé téèpù tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà ni wọ́n ti ń pe ọgbọ́n yìí ní bàbá àgbà, bàbá àti ọmọ. Ọmọ ni ẹ̀dà ojoojúmọ́, bàbá ni ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bàbá àgbà ni ti oṣooṣù. Ṣùgbọ́n ìdílé tó ṣòroó gbé ni. Bàbá kì í bí ọmọ níbẹ̀. Ọmọ ló ń di bàbá. Nínú ọmọ méje tí wọ́n bí lọ́sẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa jẹ́ kó dàgbà, àwọn yòókù á kú lọ́mọdé. Nínú àwọn bàbá oṣù kan, ẹyọ kan náà ló máa di bàbá àgbà. Kò sẹ́ni tó wo ìwà tàbí ìlera kí wọ́n tó yàn án, ọjọ́ ìbí nìkan ni wọ́n wò. Bí dátà bá ti bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà tí wọ́n mú, àléébù náà ló máa jókòó sórí àga bàbá àgbà fún ọdún kan gbáko.

Àwọn kan tún máa ń ṣírò àyè ibi ìpamọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n rò pé ẹ̀dà ọ̀sẹ̀, ti oṣù àti ti ọdún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, ẹ̀dà kan ṣoṣo lè jẹ oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, èyí tó gùn jù ni wọ́n á sì fi tọ́jú rẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nìyẹn: ojoojúmọ́ 7, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ 4, oṣooṣù 12, ọdọọdún 5, kò ju ẹ̀dà 28 lọ, ó sì nà dé ọdún márùn-ún tí ọjọ́ inú rẹ̀ lé ní 1,800.

Nínú Azure SQL, ibi ìpamọ́ dátà ti Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà W, M àti Y ni wọ́n fi ń kọ ọ̀sẹ̀, oṣù àti ọdún. Ọdún 10 ni òpin. Téèyàn bá fẹ́ padà sí ìṣẹ́jú kan pàtó, ètò mìíràn ló ń ṣe ìyẹn, kì í sì í kọjá ọjọ́ 35. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, àná dà bí okùn tí kò já. Lẹ́yìn wọn, ó di ìlẹ̀kẹ̀ tó fọ́nká, ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá sì yí sẹ́tìn padà níbẹ̀, àwọn ẹ̀dà tuntun nìkan ló kàn. Ẹni tó gé ọdún 10 kù sí 1 kí owó lè dínkù ṣì máa sanwó lórí àwọn àtijọ́ títí ọjọ́ wọn á fi pé, àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa wọ́n rẹ́.

Ti restic, ètò kan tó ń ṣe ẹ̀dà dátà, yàtọ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹ̀dà rẹ́ ló máa ń ṣírò, ọjọ́ tí ẹ̀dà wà lóòótọ́ ló sì ń kà. Bí wọ́n bá ní kó tọ́jú ojoojúmọ́ 7, tí kọ̀ǹpútà wá wà ní pípa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní jí kó sọ pé gbogbo wọn ti gbó. Méje ṣì ni wọ́n. Nínú oṣù, ẹ̀dà tó kẹ́yìn ló ń mú, Azure SQL sì ń mú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń wá ìwé owó bó ṣe rí lẹ́yìn tí oṣù parí ló máa mọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe tó.

Wọ́n tún lè ti ọjọ́ tí ẹ̀dà máa pé pa, kí ẹnikẹ́ni má lè fà á sẹ́yìn. Lórí Amazon S3, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Amazon lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá fi Object Lock, àgádágodo tí kì í jẹ́ kí wọ́n pa fáìlì rẹ́, tì í ní ọ̀nà compliance tó le jù, ẹni tó ni àkáǹtì gan-an ò lè dín ọjọ́ náà kù. Ẹni tó tẹ ọdún 10 níbi tó yẹ kó tẹ 1 á máa san owó ibi ìpamọ́ lọ fún ọdún mẹ́wàá, àyàfi tó bá pa àkáǹtì ọ̀hún rẹ́ pátápátá.