Ìdíwọ̀n ìdí ọ̀rọ̀ nínú àríyànjiyàn ìlú àti òṣèlú

Ìdíwọ̀n ìdí ọ̀rọ̀ ni yíyẹ àlàyé ènìyàn wò láti mọ̀ bóyá ìdí tó kà sílẹ̀ lágbára tó láti gbé ohun tó fẹ́ kí a gbà. Ó yàtọ̀ sí bíbéèrè bóyá a fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ènìyàn lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ kan kó sì rí i pé ìdí tí wọ́n gbé e lé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀; ó sì lè kọ ọ̀rọ̀ mìíràn, síbẹ̀ kó gbà pé ìdí tí ẹni náà rò rinlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìrònú, àwọn amòfin, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá àti àwọn olùkọ́ èdè ló ń lò ó jù. Ìlọrin àti Gúúsù Kwara ni a ti mú àwọn àpẹẹrẹ inú àpilẹ̀kọ yìí. Níbẹ̀, àríyànjiyàn lórí ìpín ipò, ẹ̀sìn nílé-ìwé àti owó ìlú kì í tán lórí rédíò àti ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń wọ̀n

Aristotle ará Gíríìsì ti pín ohun tó ń mú ènìyàn gba ọ̀rọ̀ sí mẹ́ta: ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ìwà ẹni tó ń sọ ọ́, àti bí ọkàn àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣe rí. Ní 1958, Stephen Toulmin, onímọ̀ ìrònú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ sí ẹ̀yà mẹ́fà: ohun tí a ní kí wọ́n gbà, ẹ̀rí, okùn tó so ẹ̀rí mọ́ ohun náà, ohun tó ti okùn lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tó ń dín in kù bí «bóyá» tàbí «lọ́pọ̀ ìgbà», àti ohun tó lè bì í ṣubú. Ní àwọn ọdún 1970, Ralph Johnson àti Anthony Blair ní Kánádà fi ìbéèrè mẹ́ta kún un: ǹjẹ́ ìdí náà ṣeé gbà, ǹjẹ́ ó kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ǹjẹ́ ó sì tó?

Nínú gbogbo èyí, okùn ni ó yẹ kí ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ ìlú kọ́kọ́ wá, nítorí òun ni a kì í sábà sọ síta. Bí ẹnìkan bá dìde ní ìpàdé ní Ọmù-Àrán tó ní «Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ ká dìbò fún un», ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ọmọ ìlú ni olùdíje náà. Ẹnikẹ́ni kò ní bá a jiyàn lórí èyí. Okùn tí kò sọ ni pé ọmọ ìlú ẹni tó bá dépò yóò rántí ilé. Ìgbà tí a bá fa okùn yìí síta ni ó tó ṣeé yẹ̀ wò: àwọn ọmọ ìlú tó ti dépò tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n ṣe? Ìdáhùn lè ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ó sì lè já okùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán àríyànjiyàn ti bọ́ sí ojú ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ kan: ẹkùn wo ló kàn láti mú gómìnà wá?

Ìpínlẹ̀ Kwara ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, tí wọ́n pín sí ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta. Mẹ́rin wà ní Àárín Gbùngbùn (Asà àti Ìlọrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta), márùn-ún wà ní Àríwá, méje sì wà ní Gúúsù: Ekiti, Ifẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsìn, Ọ̀fà, Òkè-Ẹ̀rọ́ àti Ọ̀yún. Kò sí ọ̀rọ̀ òṣèlú tó ń gbóná níbẹ̀ tó èyí tó dá lórí ẹkùn tí ipò gómìnà kàn. Ó sì dára fún ẹ̀kọ́, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ ò farasin: orúkọ àti ọdún ni.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà ní 1999 yóò rí Mohammed Lawal (1999 sí 2003), Bukola Saraki (2003 sí 2011), Abdulfatah Ahmed (2011 sí 2019) àti AbdulRahman AbdulRazaq, tó gorí àga ní 2019 tí sáà rẹ̀ kejì yóò parí ní oṣù karùn-ún 2027. Ọmọ Ìlọrin ni mẹ́ta nínú wọn. Ahmed nìkan ló wá láti Gúúsù, láti Ṣàárẹ ní Ifẹ́lódùn. Nínú ọdún 28 náà, Àárín Gbùngbùn mú 20, Gúúsù mú 8, Àríwá kò mú ẹyọ kan. Lójú ẹni tó kà á báyìí, Àríwá ló kàn, kò sì sí àní-àní.

Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Shaaba Lafiagi, ọmọ Àríwá Kwara, ni gómìnà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà títí ológun fi gba ìjọba ní oṣù kọkànlá 1993. Òdo Àríwá ti kúrò nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáà náà kò pé ọdún méjì. Ẹni kẹta á padà sí 1979, á wá rí Adamu Attah, lẹ́yìn rẹ̀ Cornelius Adébáyọ̀ ọmọ Ìgbómìnà ní Gúúsù, tó lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré ní 1983 kí ológun tó dé. Ṣùgbọ́n Ebira ni Attah, agbègbè rẹ̀ sì ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kogi láti 1991. Ṣé a ó ka sáà rẹ̀ fún Kwara tòní ni, àbí a ó yọ ọ́?

Kò sí irọ́ nínú ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún tí olùsọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó tó sọ ìdí tó fi mú ọdún náà. Ìdí tó rinlẹ̀ wà fún 1999 (ìjọba alágbádá kò já láti ìgbà náà), ó wà fún 1992 náà (ní 1991, ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ni ààlà ìpínlẹ̀ di bó ṣe wà lónìí). Ẹni tó bá mú ọdún tó gbè é láìsọ ìdí ti fi okùn pamọ́.

Okùn tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé ipò gómìnà jẹ́ ohun àjọni tó yẹ kó máa yí ká. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ní abala 14(4), ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ ka onírúurú ènìyàn tó wà níbẹ̀ sí nígbà tó bá ń yan àwọn tí yóò ṣiṣẹ́. Ohun tó lè ti okùn náà lẹ́yìn nìyẹn, ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí ipò gómìnà máa yí ká. Bákan náà, àwọn tó ń ní «Ìlọrin nìkan tó láti yan gómìnà» kò ka abala 179 dáadáa: yàtọ̀ sí ìbò tó pọ̀ jù, olùborí gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀. Ní Kwara, ìyẹn jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ 11. Àárín Gbùngbùn ní 4.

Nọ́ńbà àti ohun tó fa nǹkan

Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni ti 2006, ó sì fún Kwara ní ènìyàn tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2.3. Nítorí náà, gbogbo àlàyé tó bá ní «bí a bá pín in fún orí kọ̀ọ̀kan» ń dúró lórí iye tó ti pẹ́ tàbí lórí àfojúdá. Kò sọ àlàyé bẹ́ẹ̀ di asán. Ó kàn yẹ kí olùsọ̀rọ̀ fi «nǹkan bí» kún un ni.

Ọ̀rọ̀ owó epo fi ìṣòro mìíràn hàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Nǹkan wọ́n gógó ní ọjà Ìpàta àti ní gbogbo ọjà, àlàyé tó sì wọ́pọ̀ ni pé yíyọ owó yẹn ló fà á. Ó fà á lóòótọ́, nítorí epo ló ń gbé ọjà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba tún jọ̀wọ́ owó náírà kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Ohun méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá sì gbé gbogbo ẹrù náà lé ọ̀kan lórí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bó ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bá yàtọ̀

Ní oṣù kejì 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti ilé-ìwé 10 pa ní Ìlọrin nítorí aáwọ̀ lórí híjáàbù. Àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ló dá wọn sílẹ̀, ìjọba ló sì ń san owó olùkọ́. Ìjọba tọ́ka sí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó ní ilé-ìwé ìlú ni wọ́n, ọmọbìnrin Mùsùlùmí sì ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù níbẹ̀. Àwọn ìjọ ní àwọn ló ni ilé-ìwé náà, ẹni tó ni ilé ló sì ń sọ bí wọn yóò ṣe wọṣọ níbẹ̀; wọ́n tún ní ẹjọ́ kò tíì parí.

Ẹni tó bá gbọ́ ìhà kan ṣoṣo yóò rò pé ìhà kejì kò ní ìdí rárá. Bẹ́ẹ̀ ìdí ìhà méjèèjì tẹ̀lé ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọn kò jọ gbà: ta ló ni ilé-ìwé, ẹni tó kọ́ ọ ni àbí ẹni tó ń bọ́ ọ? Irú àríyànjiyàn báyìí kì í yanjú pẹ̀lú ẹ̀rí lórí híjáàbù, bí ó ti wù kó pọ̀ tó, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ni okùn ti já.

«Ó tó gẹ́»

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni àwọn alátakò ìdílé Saraki fi polongo ìbò 2019. Bukola Saraki, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, pàdánù àga sẹ́nétọ̀ Àárín Gbùngbùn Kwara. Nínú ìbò gómìnà, AbdulRazaq ní ìbò 331,546, Razak Atunwa tó tẹ̀lé e ní 114,754.

Gẹ́gẹ́ bí ìdí ọ̀rọ̀, «ó tó gẹ́» gba okùn méjì. Ọ̀kan ni pé ìdílé tó pẹ́ lórí agbára ti ba ìlú jẹ́. Ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni èyí nílò. Ìkejì ni pé bí ìdílé kan tilẹ̀ ṣe dáadáa, kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí kò nílò ẹ̀rí iṣẹ́ rárá, ìlànà ni. Àwọn tó ń pariwo rẹ̀ pọ̀ ní apá méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ka ọ̀nà àti ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ fún wọn kò fi rí etí gbọ́. Iye ìbò náà sì jẹ́ ẹ̀rí ohun tí àwọn olùdìbò fẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rí pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ìdílé náà jẹ́ òótọ́.

Òwe bí ìdí ọ̀rọ̀

Ìwé òyìnbó kì í ka òwe sí ìdí. Nínú àríyànjiyàn Yorùbá, òwe kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó máa ń ṣe iṣẹ́ okùn gan-an. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan bá ń jiyàn bóyá kí wọ́n dá owó tún ọ̀nà ṣe tàbí kí wọ́n dúró de ìjọba, ẹnìkan á ní «Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.» Òwe yẹn ló so ẹ̀rí (ọ̀nà ti bàjẹ́) mọ́ ìparí (ẹ jẹ́ ká dáwó), ó sì tún gbé àṣẹ àwọn baba lé e lórí.

A lè wọn òwe bí a ti ń wọn ìdí mìíràn. Àkọ́kọ́, òwe sábà máa ń ní ẹnìkejì tó ń fa ọ̀rọ̀ sí òdìkejì: «Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́» fún àgbà ní àṣẹ, «Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀» sì pín àṣẹ náà fún ọ̀dọ́. Ẹni tó pa ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ jọ ti inú òwe náà ju ti ìkejì lọ. Ìkejì, òwe kò lè ṣe ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè sọ bó ṣe yẹ ká ka ẹ̀rí. Kò lè sọ iye tí wọ́n ná lórí kànga. Olùgbọ́ tó mọ èyí kì í kọ òwe. Á gbà á, á sì béèrè ìwé owó.

Ẹrù ẹ̀rí àti orísun ọ̀rọ̀

Ìlọrin ti pẹ́ ní ìlú ìmọ̀ àwọn àáfà, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà yẹ ọ̀rọ̀ wò sì wúlò níta mọ́ṣáláṣí. Ìkíní ni ìlànà òfin Ìsìláàmù pé ẹni tó fẹ̀sùn kan ènìyàn ló ni ẹrù ẹ̀rí, ìbúra sì wà fún ẹni tó bá sẹ́. Ìkejì ni isnad, ìyẹn orúkọ àwọn tó gba hàdíìsì (ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad) lẹ́nu ara wọn láti ìran dé ìran, tí wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó ń káàkiri lórí WhatsApp láìní orúkọ ẹni tó sọ ọ́ kò lè kọjá ìdánwò yìí. Àwọn àgbà Yorùbá náà ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń wọn ọ̀rọ̀

Ní 1979, Charles Lord, Lee Ross àti Mark Lepper fún akẹ́kọ̀ọ́ 48 ní Amẹ́ríkà ní ìwádìí méjì tó tako ara wọn lórí ìjìyà ikú. Àwọn tó fẹ́ ìjìyà náà àti àwọn tó kọ̀ ọ́ rí àbùkù nínú èyí tí kò bá tiwọn mu, wọ́n sì ní ohun tí àwọn gbàgbọ́ tún wá le sí i. Richard Petty àti John Cacioppo fi hàn ní àwọn ọdún 1980 pé ìdí tó rinlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n, nígbà tí ẹni tí kò kàn máa ń wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́.

Ìdánwò àti ilé-ìwé

Ìdánwò Watson-Glaser, tí wọ́n fi ń wo bí ènìyàn ṣe ń ronú jinlẹ̀, ní apá kan tó ń fún olùdáhùn ní ìbéèrè nípa ìlú àti ìdí bíi mélòó kan, kí ó sọ èyí tó rinlẹ̀ àti èyí tí kò rinlẹ̀. Ìdí tó rinlẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe pàtàkì, kó sì kan ìbéèrè náà tààrà. Ní ilé-ìwé girama ní Kwara, àròkọ alárìíyànjiyàn inú ẹ̀kọ́ Yorùbá ló sún mọ́ ọn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á yan ìhà kan, á sì gbè é lẹ́yìn títí dé òpin. Iṣẹ́ kíkọ ìdí tó lágbára jù fún ìhà kejì kì í sábà sí níbẹ̀.